Iredélé àti Ọkọ Rẹ̀ Tó Di Ẹlòmíràn

Àwọn ọmọ ilé ìwé tí Iredélé ń kọ́ ní èdè Faransé ní Lọ́kọ́jà kì í pe orúkọ rẹ̀. Màdámù Bọ́njúù ni wọ́n ń pè é, àwọn tó ń ta búrẹ́dì lẹ́nu géètì sì ti gbà á lẹ́nu wọn. Kò bínú sí i. Ọmọ Ìyàrà ni, ọmọ àgbẹ̀ tó fẹ́ràn ìwé. Nígbà tó wà ní yunifásítì, wọ́n rán òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Kútọnu fún ọdún kan kí ahọ́n wọn lè yí. Láti ìgbà náà ni èdè yẹn ti bá a lára mu bí aṣọ tí wọ́n wọn ara rẹ̀ rán.

Oyèníyì, ọkọ rẹ̀, nìkan ni kò ka Faransé sí. Ọmọ Mọ̀pà ni Oyèníyì, òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ní ẹ̀ka tó ń rí sí omi ẹ̀rọ, ọkùnrin gíga tí ẹ̀rín rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. "Èdè tí wọ́n ń fi imú sọ," ló máa ń wí, "ta ló fẹ́ gbọ́ ọ nígbà tí ọ̀fìnkìn ò mú wa?" Ó mọ àwàdà, ó lawọ́, kì í lè jẹun láìpe ẹnìkan wá bá a jẹ. Nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wọn, òun ló ń gba ohùn ìsàlẹ̀, ohùn tí èèyàn ń gbọ́ láti inú àyà kó tó gbọ́ ọ létí. Ilé wọn ní Ganaja kì í ṣófo. Ìbùkún, ọmọ wọn kan ṣoṣo, a máa ṣàròyé pé òun kò ríbi kàwé nítorí àlejò bàbá òun.

Lọ́dún tó tẹ̀lé ọdún tí omi ya wọ ilé ní Ganaja, bíréèkì ọkọ̀ ńlá kan tó ń bọ̀ láti ọ̀nà Ajaokúta já, ó sì gbá kẹ̀kẹ́ tí Oyèníyì wà nínú rẹ̀ wọ gọ́tà. Oyèníyì kò ṣẹ́ lápá, kò ṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Orí ló gbá. Wọ́n gbé e lọ sí Abuja, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ó sì sùn lọ títí àwọn ará ìjọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn jẹ́jẹ́ bá Iredélé sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá opó sọ̀rọ̀. Nígbà tó lajú, ó dá ìyàwó rẹ̀ mọ̀, ó dárúkọ ọmọ rẹ̀, ó béèrè omi.

Dókítà tó ṣiṣẹ́ abẹ náà pe Iredélé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Màdámù, iwájú ọpọlọ ló fara pa. Yóò rìn, yóò sọ̀rọ̀, yóò mọ̀ yín. Àmọ́ kó má yà yín lẹ́nu bí ìṣesí rẹ̀ bá yí padà díẹ̀."

Díẹ̀ yẹn ni Iredélé gbé wálé.

Ìjọ ṣe ìdúpẹ́ ńlá. Pásítọ̀ pe Oyèníyì ní ẹni tí ikú gbé mì tí ó tún pọ̀ jáde. Gbogbo èèyàn jó, Oyèníyì dúró láàárín wọn, ó ń wo ẹsẹ̀ wọn. Nígbà tí wọ́n délé, ó ní ariwo yẹn pọ̀, ó wọ yàrá, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Bẹ́ẹ̀ ni nǹkan ṣe ń bá a lọ. Bí ẹnìkan bá dápàárá, Oyèníyì á máa wo ètè onítọ̀hún, bí ẹni tó ń dúró kó parí ohun tó ń ṣe. Àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Ọbẹ̀ ata tó máa ń lá títí dé ìsàlẹ̀ àwo, ó ní ó ń jó òun lẹ́nu. Ohun tó wá dùn Iredélé jù ni pé kò gbàgbé ohunkóhun. Ó mọ ọjọ́ ìgbéyàwó wọn, ó mọ aṣọ tí Iredélé wọ̀, ó mọ ẹni tó ba ọkọ̀ jẹ́ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n bí akọ̀wé ilé ẹjọ́ ṣe ń ka ẹjọ́ àwọn tí kò mọ̀ rí ló ṣe ń sọ ọ́.

Nígbà tí Ìbùkún fìdí rẹmi nínú ìdánwò àkọ́kọ́ tó ṣe fún yunifásítì, ọmọ náà wá sunkún sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀. Oyèníyì àtijọ́ ì bá ti bá a sunkún, kí wọ́n tó wá jọ rẹ́rìn-ín. Èyí wò ó, ó ní, "Máa sun ún. Bó bá tán, jẹun." Ó sì dúró tì í títí tó fi tán. Ìbùkún sọ fún ìyá rẹ̀ lẹ́yìn náà pé kò burú tó bí òun ṣe rò. Iredélé kò gbọ́. Ọkàn rẹ̀ ti lọ síbi ẹkún tí ọkọ rẹ̀ kò sun.

Ìyá Oyèníyì wá láti Mọ̀pà láti wá gbé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n ju báàgì sílẹ̀, wọ́n fọwọ́ méjèèjì gbá ojú ọmọ wọn mú, wọ́n sì kí i bí àwọn ará Mọ̀pà ṣe ń kíra wọn.

"Òkun o, ọmọ mi. Òkun o."

"Ẹ káàbọ̀, Màmá," ni Oyèníyì wí, ó sì rọra yọ ojú rẹ̀ kúrò.

Màmá bá Iredélé nílé ìdáná. "Ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ dé," wọ́n wí. "Òun fúnra rẹ̀ ṣì wà lọ́nà. Ẹ jẹ́ ká máa pè é. Ẹni tí wọ́n bá ń pè kì í ṣìnà."

Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í pè é lóòótọ́. Màmá ń se oúnjẹ tó fẹ́ràn lọ́mọdé. Wọ́n ń pìtàn ìgbà tó já bọ́ lórí igi káṣú, ìgbà tó gun kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ̀ wọ oko ẹlòmíràn. Iredélé náà a máa fi kún un. Oyèníyì á jókòó, á gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, á ní ó dàárọ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, Màmá ní kí Iredélé wá fídíò tí wọ́n ṣe nígbà tí Oyèníyì dá orin ní àjọ̀dún ìkórè. Wọ́n gbé fóònù sí iwájú rẹ̀. Ohùn ńlá yẹn kún pálọ̀. Màmá ti ń fi ìborí nu ojú. Oyèníyì wo fídíò náà dé ìdajì.

"Ọkùnrin yẹn mọ orin kọ," ó wí. "Ẹ bá mi pa á."

Ní oṣù tó tẹ̀ lé e ni Iredélé lọ forúkọ sílẹ̀ fún oyè máàstà nínú ìmọ̀ fìlọ́sọ́fì ní yunifásítì. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ìrònú ló ń dà á láàmú. Òun náà kò mọ bó ṣe máa ṣàlàyé ara rẹ̀. Ó kàn mọ̀ pé ìbéèrè kan wà nínú ilé òun tí dókítà kò lè dáhùn, tí pásítọ̀ kò sì fẹ́ gbọ́.

Ẹni tí wọ́n fi ṣe olùdarí iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ ni Dókítà Bàsítì, ọmọ Oworo láti Àgbájà, ọkùnrin tó kéré sí i lọ́jọ́ orí, tó máa ń gbé ìwé sí abẹ́ apá bí ẹni gbé ọmọ adìẹ. Inú rẹ̀ dùn láti rí ẹni tó gbọ́ Faransé, nítorí ọ̀pọ̀ ohun tó fẹ́ kà ni wọn kò tíì túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì.

"Nǹkan ti yí lọ́dọ̀ wọn," ó sọ fún un. "Nígbà tí àwọn olùkọ́ tó kọ́ mi wà léwe, ọ̀rọ̀ ni àwọn onífìlọ́sọ́fì ilẹ̀ Faransé ń tú palẹ̀. Wọ́n ní inú èdè là ń gbé, pé bí èèyàn bá na ọwọ́ láti fọwọ́ kan ayé, ọ̀rọ̀ mìíràn ni yóò bá níbẹ̀. Àwọn tó dé lẹ́yìn ò jókòó síbẹ̀. Ẹ wo Òkè Pàtí yẹn." Ó nawọ́ sí fèrèsé. "Ó ti wà kí ojú èèyàn kankan tó là. Báwo la ṣe lè sọ òótọ́ nípa ìgbà tí kò sí ẹni tó rí i? Àwọn kan ń béèrè ìyẹn. Àwọn kan ní ó yẹ kí odò àti igbó ní ẹni tí yóò máa gbẹnu sọ fún wọn níbi tí ìlú bá ti ń ṣèpàdé. Àwọn kan wà tó jẹ́ ọ̀rọ̀ irinṣẹ́ ló ká wọn lára, fóònù tó ń rántí nǹkan bá wa títí a ò fi rántí mọ́."

"Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nípa ọpọlọ ńkọ́?" Iredélé bi í.

Bàsítì wò ó. Ó ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọkọ rẹ̀. Lọ́kọ́jà kò tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ó rọra fi ìwé kan lé e lọ́wọ́.

Iredélé ka ìwé náà, ó sì ka àwọn mìíràn tẹ̀ lé e. Àwọn tó kọ wọ́n ti fi yàrá ìkàwé sílẹ̀, wọ́n ti lọ bá àwọn oníṣègùn ọpọlọ jókòó. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ó ti pẹ́ tí a ti ń rò pé bí amọ̀ lèèyàn rí: bí ayé ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ló ń yí, amọ̀ kan náà ni ṣáá. Ṣùgbọ́n ọgbẹ́ kan wà tó ju títẹ̀ lọ, wọ́n ní. Ó máa ń bí ẹni tuntun. Ẹni náà ń jẹ́ orúkọ ẹni àtijọ́, ó ń wọ bàtà rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ti inú rẹ̀ wá. Ọgbẹ́ ni ìyá tó bí i. Àwọn mìíràn láàárín wọn ta ko èyí. Wọ́n ní okùn kan kì í já, bó ti wù kó tín-ín-rín tó.

Ó gbé ìwé náà padà sí ọ́fíìsì Bàsítì, ó fi í lélẹ̀ lórí tábìlì.

"Dókítà, ṣé ohun tí ẹ fẹ́ kí n kọ́ nínú ìwé yìí ni pé opó ni mí?"

"Màdámù, mi ò mọ̀. Ká ní mo mọ̀ ni, mi ò bá má máa ka ìwé wọn."

Ìdáhùn yẹn ni kò jẹ́ kó sá lọ. Ó lọ sílé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Ohun tó kọ́kọ́ rí, inú èdè abínibí rẹ̀ ló ti rí i. Ọ̀rọ̀ kan ni Faransé ní fún kí nǹkan wà, ọ̀rọ̀ mìíràn pátápátá ló ní fún ìwà ọmọlúàbí. Nínú Yorùbá, láti inú *wà* ni *ìwà* ti jáde. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn àgbà ti so méjèèjì pọ̀ tipẹ́: ẹni tí ìwà rẹ̀ bá lọ, kí ló kù tó wà? Nígbà tó kọ ọ́ tán, ẹ̀rù bà á, nítorí ó ti kọ ìdájọ́ sórí ẹni tó ń jẹun nínú yàrá kejì.

Oyèníyì ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ fúnra rẹ̀ nígbà yẹn. Iṣẹ́ ìjọba ti fún un ní ìsinmi gígùn. Ní ọjọ́ Sátidé kan, kò tètè dé, Màmá kò lè jókòó. Iredélé wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Old Market, nítorí aládùúgbò kan ní òun máa ń rí i lápá ibẹ̀. Ó rìn láàárín àwọn ṣọ́ọ̀bù títí ó fi dé etí omi.

Ibẹ̀ ló ti rí ọkọ rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn apẹja Núpé, ó na ẹsẹ̀, ó tẹ́ àwọ̀n sórí itan, ó ń tún un ṣe. Oyèníyì tí kì í lè dúró kí ẹnìkan so okùn bàtà tán! Ọwọ́ rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, kò kánjú.

Ọkùnrin àgbàlagbà kan gbójú sókè. "Madam, na your oga be this? Him hand don dey sabi am. Mai Shiru we dey call am."

Iredélé gbọ́ Hausa tó ìyẹn: ẹni tí kì í sọ̀rọ̀. Kò sí ẹ̀gàn nínú ohùn ọkùnrin náà. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ tó mọ Oyèníyì tẹ́lẹ̀ rí.

Iredélé jókòó tì í lórí ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀.

"Dádì Ìbùkún, Màmá ń wá yín."

"Èmi kọ́ ni wọ́n ń wá." Kò gbé ojú kúrò lára àwọ̀n. "Iredélé, ìwọ àti Màmá ń retí ẹnìkan. Mo mọ̀. Mo rántí rẹ̀, èèyàn dáadáa ni. Oúnjẹ rẹ̀ lẹ fi ń bọ́ mi, ìtàn rẹ̀ lẹ ń sọ fún mi, ẹ ń wo ẹ̀yìn mi bóyá ó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n èmi náà wà nílé yẹn. Kò tíì sí ẹni tó kí mi káàbọ̀."

Ìtìjú mú Iredélé bí ẹni tí àlejò bá ní ìhòòhò. Ó fẹ́ sọ pé òun fẹ́ràn rẹ̀. Ó rí i pé òun kò mọ ọkùnrin náà tó láti sọ ọ́.

Oyèníyì ló tún sọ̀rọ̀. "Èdè tí o ń kọ́ àwọn ọmọ yẹn, kí ni wọ́n ń pe odò níbẹ̀?"

Kò bi í ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti fẹ́ ẹ.

"Ọ̀rọ̀ méjì ni. Èyí tó bá ṣàn títí dé òkun, *fleuve*. Èyí tó bá ṣàn wọnú odò mìíràn, *rivière*."

"Odò Ọya?"

"*Fleuve*."

"Bẹ́núé?"

"*Rivière* ni."

Ó wo ibi tí Bẹ́núé ti ń wọnú Ọya níwájú wọn títí. "Orúkọ rẹ̀ parí síbí. Omi rẹ̀ ṣì ń lọ," ó wí, ó sì padà sídìí àwọ̀n rẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Iredélé bá Màmá níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà. Ó sọ ohun tí Oyèníyì wí fún wọn, kò fi ohunkóhun pamọ́. Ó rò pé wọn yóò bínú. Màmá ń ṣa ẹ̀wà lọ.

"Ṣé kò bọ̀ mọ́ ni?"

"Màmá, mi ò mọ̀. Àwọn tó ń fi gbogbo ayé wọn ronú sí i pàápàá ń bá ara wọn jiyàn."

"Ẹni tó bá kú, a ń sunkún rẹ̀. Ẹni tó bá yè, a ń dúpẹ́. Wọ́n ní kí n dúpẹ́, mo dúpẹ́, mo tilẹ̀ jó. Ẹkún tèmi ńkọ́, Iredélé? Ibo ni kí n ti sun ún?"

"Ẹ sun ún níbí."

Màmá gbé àtẹ ẹ̀wà sílẹ̀. Wọ́n sunkún Oyèníyì, ẹni tó já bọ́ lórí igi káṣú, wọ́n sun ún bí a ṣe ń sunkún ọmọ tó kú. Iredélé náà sun tirẹ̀. Ó pe ọkọ rẹ̀ ní orúkọ tí kì í pè é níwájú ẹnikẹ́ni. Oyèníyì wà ní ẹ̀yìnkùlé tó ń sá aṣọ tó fọ̀. Ó gbọ́ wọn, kò wọlé wá. Nígbà tí ohùn wọn rọlẹ̀, ó bu omi ife méjì wá, ó gbé e síwájú wọn, ó sì jáde.

Màmá mu omi náà. Wọ́n wá pè é padà. "Ìwọ," wọ́n wí, wọn kò mọ ohun tí wọ́n máa fi kún un. "Kí lo máa ń fẹ́ jẹ?"

Ó ronú sí i. "Iṣu funfun, kí ẹ má fi nǹkan kan sí i. Àti ẹja tí kò láta."

"Oúnjẹ aláìsàn!" Màmá wí, ṣùgbọ́n wọ́n dìde lọ bẹ iṣu.

N kò ní sọ pé gbogbo nǹkan wá dára. Màmá padà sí Mọ̀pà kí òjò tó dá, wọ́n sì sọ fún àwọn ará ilé pé àlàáfíà ni ọmọ àwọn wà, pé ó kàn ti di ẹni jẹ́jẹ́. Wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún ṣí fídíò yẹn nílé wọn. Oyèníyì kò padà sínú ẹgbẹ́ akọrin. Ó ń lọ sí ìjọ nígbà mìíràn, á jókòó lẹ́yìn, á jáde kí wọ́n tó ṣe àdúrà ìkẹyìn. Ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, ó sì ń bá àwọn apẹja ṣiṣẹ́. Àwọn ọjọ́ kan wà tí àárò ẹni àkọ́kọ́ máa ń sọ Iredélé débi pé kò ní lè wo ojú ẹni kejì. Ó ti kọ́ láti sọ ọ́ jáde ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀: "Ẹ má bínú, òní ò dára." Oyèníyì á ní kò burú, á lọ sí etí omi.

Nígbà tó dé iwájú àwọn olùdánwò láti gbèjà iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀, àgbà ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó wá láti ìta ló kọ́kọ́ bi í léèrè.

"Ìyáàfin, ẹ kó ọ̀rọ̀ ìhà méjèèjì sílẹ̀ dáadáa. Àwọn tó ní ọgbẹ́ ń bí ẹni tuntun, àwọn tó ní okùn kan kì í já. Ẹ̀yin fúnra yín, ìhà wo lẹ wà?"

"Ọ̀gá, mo rò tẹ́lẹ̀ pé ó di dandan kí n mọ̀ kí n tó lè gbé pẹ̀lú rẹ̀," ni Iredélé wí. "Mo ti kọ ọ́ níbẹ̀ pé inú wíwà ni ìwà ti jáde. Mo rí i lẹ́yìn náà pé mo kà á sódì. Ìwà kan lọ, mo ní kò sí ẹni tó wà mọ́. Ẹni kan wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà yẹn, tó ń hu ìwà tirẹ̀, tí n kò wò."

"Ẹ̀rí ayé yín nìyẹn. Kì í ṣe àríyànjiyàn."

"Mo mọ̀, ọ̀gá. Ibi tí mo bá a dé ni."

Wọ́n ní kó tún orí kẹrin kọ. Nígbà tí wọ́n jáde, Bàsítì ní òun ì bá ti dáhùn lọ́nà mìíràn, ṣùgbọ́n òun kò mọ ọ̀nà wo. Iredélé tún orí kẹrin náà kọ, wọ́n sì fún un ní oyè rẹ̀.

Ọyẹ́ ti dé báyìí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, Iredélé ń máàkì iṣẹ́ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ní pálọ̀. Oyèníyì wọlé, ó jókòó sí àga tó kọjú sí i.

"Ṣé o ṣì máa ń rántí rẹ̀?"

"Ta ni?"

"Ọkùnrin yẹn."

Iredélé gbé bírò sílẹ̀. "Lójoojúmọ́."

"Sọ ọ̀kan fún mi. Èyí tí n kò lè rántí fúnra mi."

"Nígbà tí mo ń rọbí Ìbùkún, wọn kò jẹ́ kó wọlé. Ó lọ dúró lábẹ́ fèrèsé níta. Ó sọ fún gbogbo èèyàn lẹ́yìn náà pé òun ò sunkún rárá, pé òun ń jẹ ẹ̀pà ni. Irọ́ ni. Mo ń gbọ́ ọ láti orí bẹ́ẹ̀dì. Ohùn rẹ̀ ni mo dì mú títí ọmọ fi bọ́ sílẹ̀. Mi ò sọ fún un rí."

Oyèníyì kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ tí okùn àwọ̀n ti sọ di líle.

"Mi ò mọ̀ pé o gbọ́ mi," ó wí.

Iredélé wò ó. Ó gbọ́ *mi* yẹn. Ó mú bírò rẹ̀, ó fa ìwé tó kàn sọ́dọ̀, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, Oyèníyì sì jókòó síbẹ̀ tì í.